Ohùn àti Àwòrán Níbi Ọdún Ìta Gbangba: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Láti ìgbà tí àwọn ìgbìmọ̀ ọdún àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé wọn ní Àkúrẹ́, ní Òde Oǹdó àti ní Ìdànrè ni lẹ́tà ti ń dé sórí tábìlì wa, ohun kan náà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn: báwo ni a ṣe ń gbé ohùn, àwòrán àti iná kalẹ̀ ní pápá tí kò ní òrùlé, tí owó ìlú kò fi ní ṣòfò? Ó ti lé ní ọdún 20 tí mo ti wà nídìí sípíkà àti kámẹ́rà ní Àkúrẹ́, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni n ó sì ṣe dáhùn. Kí ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ kò bá jáde lónìí má ṣe bínú. Mo ti kó àwọn tí wọ́n jọra pọ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ọdún àdúgbò wa. Pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni a fẹ́ lò, a sì ń retí nǹkan bí 1,500 ènìyàn. Ẹni mẹ́ta ni ó kọ ìwé iye owó fún wa. Ẹni àkọ́kọ́ ní sípíkà 6 ti tó, ẹni kejì ní 16, ẹni kẹta kò tilẹ̀ kọ iye kankan, ó kàn kọ ọ́ pé òun yóò gbé ohùn pípé pérépéré wá. Owó wọn kò sún mọ́ ara wọn rárá. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí a ó mú? — Akọ̀wé, Òde Oǹdó

Akọ̀wé, ẹ kú làálàá ìlú. Kí ẹ tó mú ìkankan nínú wọn, ìbéèrè kan ni kí ẹ bi wọ́n: ta ni ó ti dé pápá náà nínú wọn? Bí kò bá sí ẹni tó dé ibẹ̀, àfojúdá ni gbogbo iye tí wọ́n kọ. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ilẹ̀ ni a ń wò kí a tó wo ẹrù, nítorí pé bí ohùn ṣe ń rìn ní pápá tó tẹ́ bí ẹní kọ́ ni ó ṣe ń rìn ní pápá tí ògiri kíláàsì yí ká ní apá mẹ́ta.

Ẹ lọ sí pápá náà ní wákàtí tí ètò yóò wáyé gan-an, kì í ṣe ní òwúrọ̀ kùtù tí ara tutù. Ẹ mú okùn ìwọ̀n dání. Kí ẹnì kan dúró sí ibi tí ìtàgé yóò wà, kí ẹlòmíràn rìn dé ibi tí ẹni ìkẹyìn yóò jókòó, kí ẹ sì wọn àárín àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹni orí ìtàgé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àtẹ́wọ́ náà bá padà wá bá yín láti ara ògiri kan, ẹ ti mọ ògiri tí a kò gbọdọ̀ kọjú sípíkà sí nìyẹn. Ẹ wo ibi tí oòrùn wà, ibi tí àgbàrá máa ń gbà, ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà wọlé tí kò fi ní rì, àti bóyá wáyà iná gba òkè ibi tí ẹ fẹ́ gbé síkírìnì sí. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan, ì báà rí wúruwùru, kí ẹ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì tún iye owó wọn kọ. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wọn yóò tó ṣe é fi wé ara wọn.

Ní ti iye sípíkà, ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ìgbìmọ̀ mọ̀. Ní ìta gbangba, nígbàkigbà tí ọ̀nà tó wà láàrin ènìyàn àti sípíkà bá di ìlọ́po méjì, ohùn tó ń dé etí rẹ̀ á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 6 wálẹ̀ (dẹ́síbẹ̀lì ni a fi ń wọn agbára ohùn). Nítorí náà, ohun tí ẹni tó jókòó ní mítà 5 ń gbọ́ fi dẹ́síbẹ̀lì 18 lágbára ju ti ẹni tó wà ní mítà 40 lọ. Ibẹ̀ ni ohun tí ojú gbogbo wa ti rí ti wá: àwọn ìjòyè tó wà níwájú ń fi ọwọ́ di etí, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń bi ara wọn pé, "Kí ló wí?" Kíkó sípíkà 16 jọ sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé kò wo àrùn yìí, ńṣe ni ó ń sọ iwájú di ibi tí a kò lè jókòó sí. Ohun tó ń wò ó ni kí a gbé méjì tàbí mẹ́rin sí àárín pápá, kí wọ́n kọjú sí ẹ̀yìn, kí wọ́n sì ga kọjá orí ènìyàn, nítorí pé ara àti aṣọ máa ń mu ohùn bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi.

Sípíkà àárín yìí ní ẹ̀tàn tirẹ̀ o. Ohùn tó gba inú wáyà dé ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti ìtàgé gba inú afẹ́fẹ́ wá ń rìn ní nǹkan bíi mítà 345 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ooru ilẹ̀ wa. Bí sípíkà àárín bá wà ní mítà 40 sí ìtàgé, ohùn ti ìtàgé yóò fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ dé. Kò jọ nǹkan lójú, ṣùgbọ́n etí mọ̀ ọ́n: ẹni tó wà lẹ́yìn yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, bí ẹni pé Táíwò ń sọ ọ́, Kẹ́hìndé ń gbà á. Mixer òde òní, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń to gbogbo ohùn pọ̀, ní ibi tí a ti lè dá ohùn sípíkà àárín dúró fún ìwọ̀n àkókò náà kí àwọn méjèèjì lè jọ dé. Ẹ pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ bi wọ́n léèrè bí wọn yóò ṣe dá sípíkà ẹ̀yìn dúró tó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bi yín padà pé mítà mélòó ni, òun ni kí ẹ bá dúnàá-dúrà, ì báà jẹ́ pé òun ni ó ní sípíkà 6. Lórí pápá tó gùn tó mítà 50 sí 60, mẹ́fà tó jókòó síbi tó yẹ sàn ju 16 tó ṣù jọ lọ.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ kọ wákàtí tí ẹrù gbọdọ̀ dé, wákàtí tí a ó dán ohùn wò, àti ẹni tí yóò jókòó ti mixer láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti rí ibi tí ọ̀gá ti dúnàá-dúrà tán tó sì rán ọmọ iṣẹ́ oṣù méjì wá.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa fẹ́ ṣe alẹ́ orin àti ijó ní ìta gbangba nítòsí Ọjà Ọba. Jẹnẹrétọ̀ 20 kVA kan wà tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fẹ́ fi ràn wá lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Síkírìnì LED tó fẹ̀ ní mítà 4 tó sì ga ní mítà 3, sípíkà, iná ìtàgé àti fíríìsà àwọn olóúnjẹ ni yóò gbé. Ṣé ó tó? — Alága ọ̀dọ́, Àkúrẹ́

Àbúrò, kò tó, àmọ́ ẹ má tíì dá a padà. kVA tí wọ́n kọ sára jẹnẹrétọ̀ kọ́ ni agbára tí ẹ ó rí lò. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.8, yóò fún yín ní kílówáàtì 16, ó sì dára kí a má lò ju nǹkan bíi 13 nínú rẹ̀ lọ, kí ẹ̀rọ náà lè mí. Síkírìnì yín jẹ́ pákó 48, ìyẹn àwọn ègé síkírìnì tí a ń tò pọ̀, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìdajì mítà ní ìbú àti ní òró. Ẹ yí ẹ̀yìn pákó kan padà, ẹ ó rí iye wáàtì tó ń jẹ lára rẹ̀. Bí ó bá kọ 150, 48 ọ̀nà 150 jẹ́ 7,200, ìyẹn kílówáàtì 7.2 nígbà tí gbogbo ojú rẹ̀ bá funfun. Ó ti jẹ ju ìdajì lọ kí ẹnikẹ́ni tó kọrin. Ẹ wá fi sípíkà lé e, ẹ fi iná ìtàgé lé e, kí ẹ sì rántí pé fíríìsà kan, ní ìgbà tó bá fẹ́ gbéra, máa ń já iná gbà ní ìlọ́po mélòó kan ohun tó ń jẹ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí 20 kVA yẹn gbé ohùn àti síkírìnì nìkan. Kí àwọn olóúnjẹ, iná ìtàgé àti iná ojú ọ̀nà ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tiwọn, tí wáyà rẹ̀ kò bá ti àkọ́kọ́ pàdé níbì kankan.

Ojú mi ni ó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, níbi ayẹyẹ kan tí èmi fúnra mi ń bójú tó, Kábíyèsí ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti súre ni. Wọ́n gba máìkì, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi," gbogbo nǹkan sì kú fin-ín. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ o, à ń gbọ́ ọ lókèèrè. A tọ wáyà lọ láti ìdí mixer, ó gba abẹ́ kánópì àkọ́kọ́, ó gba abẹ́ ìkejì, a wá bá àpótí iná wa lábẹ́ tábìlì kan tí wọ́n fi ankárá bò, pẹ̀lú plọ́ọ̀gì kẹ́tù kan tí ó ṣì gbóná nínú rẹ̀. Omi tíì ni ìyá kan ń sè fún àwọn àlejò. Ìyá náà kò jẹ̀bi. Ihò iná ni ó rí, ó sì lò ó. Èmi tí mo fi í sílẹ̀ láìṣàmì sí i ni mo jẹ̀bi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ni ó gbà kí mixer àti síkírìnì tó jí padà, Kábíyèsí sì wà lórí ìdúró. Láti ọjọ́ náà, gbogbo àpótí iná mi ni mo ń fi ike pupa lẹ̀ lẹ́nu, ọmọ iṣẹ́ kan sì wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa rìn lọ rìn bọ̀ lójú wáyà.

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà sí èrò, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Èéfín yẹn ń pa ènìyàn láìjẹ́ kí ó mọ̀. Ẹ ri irin ilẹ̀ tó gùn mọ́lẹ̀ fún un, kí ẹ bu omi sí ìdí rẹ̀ bí ilẹ̀ bá gbẹ, nítorí pé níbi tí irin ilẹ̀ kò bá sí ni máìkì ti máa ń gún akọrin létè. Bí ó bá gbé ìdajì ẹrù, nǹkan bíi lítà 3 dísẹ́ẹ̀lì ni yóò mu ní wákàtí kan, bí ó bá sì gbé ẹrù kún, yóò sún mọ́ 5 tàbí kí ó lé díẹ̀. Ẹ ka wákàtí ìdánwò mọ́ ọn. Bí iná ìjọba bá sì dé láàrin ètò, ẹ bá a yọ̀, àmọ́ ẹ má ṣe yí i padà títí ètò yóò fi parí.

Olùkọ́ ni mí. Iléèwé wa ní projector kan tó dára gan-an. Ṣé a lè fi ṣe àfihàn eré àwọn ọmọ wa fún àwọn òbí ní ìta ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́? — Olùkọ́, Ìdànrè

Ní agogo 4, rárá. Ní agogo 7 kọjá ìṣẹ́jú 20, bẹ́ẹ̀ ni. Projector kò lè ṣe dúdú. Aṣọ funfun tí ẹ ta sára ògiri ni dúdú rẹ̀, òkùnkùn àyíká ni ó sì ń jẹ́ kí ó dúdú. Kò sí projector iléèwé tó lè bá oòrùn ìrọ̀lẹ́ jìjàkadì. Ní agbègbè wa, oòrùn máa ń wọ̀ láàrin nǹkan bí agogo 6 kọjá ìṣẹ́jú 15 sí agogo 7 jálẹ̀ ọdún, ojú ọ̀run á sì tún gbà tó ìṣẹ́jú 20 kí ó tó ṣú. Ìdànrè tiẹ̀ ní ànfààní kan tí Àkúrẹ́ kò ní: bí òkè bá wà ní ìwọ̀-oòrùn pápá yín, òjìji rẹ̀ yóò tètè bò yín. Ẹ lọ dúró níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan kí ẹ wo wákàtí tó ń ṣẹlẹ̀.

Bí ó bá di dandan kí ó jẹ́ ọ̀sán, LED ni. Kí ẹ sì ṣọ́ra, nítorí pé àwọn kan máa ń gbé ti inú gbọ̀ngàn wá sí ìta. Ìmọ́lẹ̀ ti inú ilé kì í sábà ju nits 1,000 lọ (nits ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ síkírìnì), ti ìta yẹ kí ó tó 5,000. Ẹ bèèrè nọ́ńbà P rẹ̀ pẹ̀lú. P4 túmọ̀ sí pé mílímítà 4 ni ó wà láàrin àmì iná kan àti èkejì, ẹni tó bá sì sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi mítà 4 lọ yóò máa rí àmì dípò àwòrán. Fún pápá tí ènìyàn ti jókòó láti mítà 8 sẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó P2 lọ́wọ́ yín.

Ibi tí síkírìnì kọjú sí tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá lórí wa, nítorí náà síkírìnì tó bá kọjú sí àríwá yóò wà nínú òjìji ara rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ní oṣù Kẹfà, oòrùn ti rékọjá sí apá àríwá díẹ̀, ẹ ó sì yí i padà. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní ìrọ̀lẹ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ní oṣù kankan.

Ọmọ Àyàn ni mí. Níbikíbi tí a bá ti lọ lù tí sípíkà wà, ìyáàlù mi kì í sọ̀rọ̀ yé ènìyàn. Ó máa ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àmù, sípíkà á sì tún máa súfèé. Wọ́n á ní ìlù wa kò bá ẹ̀rọ mu. — Onílù, Oǹdó

Ọmọ Àyàn, ẹ má gbà fún wọn. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ni kò bá ìlù mu. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ onígìtá máa ń fi gbohùngbohùn inú mixer sí gbogbo ohun tó bá ń dún, kí ó lè máa ró bí inú ihò àpáta. Ó dùn lára gìtá. Ṣùgbọ́n ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìyáàlù fi ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn ìsàlẹ̀ kò bá tíì kú tán tí ohùn òkè fi dé bá a, àwọn méjèèjì á pò pọ̀, ọ̀rọ̀ á sì di àdììtú. Ohun kan náà ni ó ń ṣe akéwì àti oníjàálá, tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á fi di ọ̀kan náà létí ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Ẹ sọ fún un pé kí ó yọ ìró náà kúrò lára ìlù yín pátápátá, kì í ṣe pé kí ó dín in kù.

Èkejì ni ibi tí máìkì wà. Wọ́n máa ń gbé igi máìkì síwájú yín, ẹ̀yin sì ń rìn tọ ẹni tí ẹ ń kì lọ. Máìkì kékeré tí a ń há mọ́ ara ìlù ni kí wọ́n fún yín, èyí tí kò ní wáyà, kí wọ́n sì ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó jáde. Ẹ wo bí wọ́n ṣe há a. Bí ó bá kọjú sí etí awọ, ṣaworo ni yóò máa gbé jáde, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ ni wọn yóò sì máa gbọ́ dípò ọ̀rọ̀. Kí ó ga díẹ̀ kúrò lára ṣaworo, kí ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀ sí àárín awọ níbi tí ọ̀pá kò ti ní kàn án. Gúdúgúdú kò nílò máìkì tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ohùn rẹ̀ á wọ inú ti àwọn yòókù fúnra rẹ̀.

Ní ti súfèé, máìkì ń gbọ́ sípíkà ni, sípíkà ń pariwo ohun tí máìkì gbọ́, wọ́n á sì máa yí ara wọn po. Sípíkà ńlá gbọ́dọ̀ wà níwájú yín, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí yín. Bí ẹ bá fẹ́ jáde sáàrin èrò láti ki ènìyàn, ẹ sọ ọ́ ṣáájú kí wọ́n lè dín in kù.

Ìdánwò tí mo máa ń ṣe rèé. N ó ní kí onílù fi ìyáàlù sọ gbólóhùn kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí onílù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì dúró sí ìparí pápá. Bí ẹni ẹ̀yìn bá lè fi ẹnu tún un sọ, iṣẹ́ ti yọrí. Bí kò bá lè sọ ọ́, a kò tíì ṣe nǹkan kan, bí sípíkà náà ti wù kí ó wọ́n tó.

Ọmọ bíbí Oǹdó ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní òkè òkun fẹ́ máa wo ọdún náà ní tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà mélòó ni yóò tó? Ṣé a sì lè fi díróònù ya Kábíyèsí bí wọ́n bá ń bọ̀? — Ọmọ Oǹdó, Ìbàdàn

Àwòrán tó mọ́ dáadáa máa ń fẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ gígábáìtì 2.25 ní wákàtí kan, wákàtí 5 sì jẹ́ 11 àti díẹ̀. Dátà kì í ṣe ìṣòro. Ìṣòro ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ dán wò ní ọjọ́ Ajé tí pápá ṣófo kọ́ ni ẹ ó bá ní ọjọ́ ọdún tí 1,500 ènìyàn bá yọ fóònù wọn síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lo káàdì iléeṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì gbà láti sọ àwòrán kalẹ̀ sí 720p, ìyẹn àwòrán tí kò mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀, bí ó bá ń há. Àwọn ará òkè òkun yóò fara da àwòrán tí kò mọ́ tó, wọn kò ní fara da ohùn tó ń já. Nítorí náà, láti inú mixer ni kí ẹ ti fa ohùn, kì í ṣe láti ẹnu kámẹ́rà, kí ẹ sì ya máìkì kan sọ́tọ̀ fún ariwo èrò, kí ó má bàa dà bí ẹni pé inú yàrá ni ọdún ti wáyé. Ẹ fi kámẹ́rà sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ojú rẹ̀ máa ṣí fún ìdá 1 nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá, nítorí pé iná wa ń lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọn kò bá bára mu, iná yóò máa ṣẹ́jú nínú fọ́nrán.

Bí DJ bá ń fi orin inú àwo sí i, Facebook àti YouTube lè pa ohùn yín lẹ́nu láàrin ètò, torí pé orin ẹlòmíràn ni. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ àtinúdá ti ọdún 2022 sì de orin tí a ń lò ní gbangba pẹ̀lú. MCSN ni àjọ tó ń gba owó orin fún àwọn olórin. Ìlù àti orin ìbílẹ̀ tí àwọn ènìyàn yín bá ń ṣe lójú ẹsẹ̀ ni kò ní wàhálà púpọ̀.

Ní ti díróònù, àṣẹ àjọ NCAA tó ń rí sí ìrìnnà ojú òfuurufú àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ààbò orílẹ̀-èdè ni a gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbà, kò sì ṣe é fi sí ọ̀sẹ̀ ọdún. Lẹ́yìn ti ìjọba, ti ààfin kù. Ẹ bi àwọn ìjòyè bóyá ohun tó ń fò lè gba òkè adé kọjá, kí ẹ sì bi wọ́n nípa ibi tí kámẹ́rà orí ilẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ dé. Bí ó bá jẹ́ ọdún Ògún tàbí òmíràn tó ní ètùtù nínú, ibi tí awo bá ti ní kí kámẹ́rà dúró, kí ó dúró, kí ẹni tó ń darí àwòrán sì ti ní fọ́nrán mìíràn nílẹ̀ tí yóò fi hàn ní àkókò náà.

Inú oṣù Kẹjọ ni a fi ètò tiwa sí nítorí pé òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà. Ṣé a ṣì nílò láti náwó lórí òjò? — Alága obìnrin, Àkúrẹ́

Ẹ nílò rẹ̀, Màmá. Òjò oṣù Kẹjọ máa ń dín kù, kò ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ibi tí wáyà méjì ti so pọ̀ ni kí wọ́n gbé kúrò nílẹ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù, kí kánópì mixer sì ní ògiri ní apá mẹ́ta. Kí wọ́n má fi tapólì we ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Ooru ara rẹ̀ yóò pa á kí òjò tó pa á. Síkírìnì ìta tó ní àmì IP65 lè gba òjò, àmọ́ atẹ́gùn ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí pé síkírìnì mítà 4 ní 3 dà bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, ẹ gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè ohun tó wúwo tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè sọ pé kí ètò dúró, kí olóṣèlú tàbí olórin kankan má sì lè bá a jiyàn. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa kà. Bí àrá bá sán kí ẹ tó ka ìṣẹ́jú àáyá 30, kí gbogbo ènìyàn kúrò nídìí òpó àti orí ìtàgé, kí ẹ má sì padà síbẹ̀ títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn.

Ilé mi kọjú sí pápá tí wọ́n ti ń ṣe ọdún. Èmi kò kọ ọdún, ṣùgbọ́n fèrèsé mi máa ń gbọ̀n títí di agogo 2 òru, ọkọ mi sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ta ni mo lè fẹjọ́ sùn? — Ìyá arúgbó, Àkúrẹ́

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá wa kí Bàbá. Kí ẹ tó fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni, ẹ ránṣẹ́ pe ìgbìmọ̀ nígbà tí ọdún ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì, torí pé lálẹ́ ọjọ́ náà kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ yín. Ohun tó ń gbọn fèrèsé yín ni ohùn ilẹ̀ tó ń ti inú àwọn sípíkà ńlá tó wà nílẹ̀ jáde. A lè yí ojú sípíkà kékeré kúrò lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ohùn ilẹ̀ kì í sábà gba ìtọ́sọ́nà, ó ń lọ sí ibi gbogbo, ògiri kì í sì dá a dúró. Dídín in kù ni oògùn rẹ̀ tó rọrùn jù. Ẹ ní kí ẹni tí yóò jókòó ti mixer wá sí yàrá yín ní ọjọ́ ìdánwò, kí ó jókòó sí orí ibùsùn Bàbá, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní pápá pẹ̀lú fóònù létí. Kí ó máa ní kí ọmọ náà rẹ ohùn ilẹ̀ sílẹ̀ títí gíláàsì fèrèsé yóò fi dákẹ́, kí wọ́n sì lẹ ike mọ́ ibi tí bọ́tìnnì dúró sí. Láti agogo 10 alẹ́, bọ́tìnnì kò gbọdọ̀ kọjá ike náà.